Aṣọ Tí Wọn Kò Fi Bo Binsar

“Bí aṣọ yẹn bá kan òkú yìí, èmi kò ní gbàdúrà. Mo ti sọ tèmi.”

Pásítọ̀ Efraim kò pariwo. Ó dúró níbi orí pósí, ó gbá Bíbélì mọ́ àyà, òógùn ti mú kọ́là ẹ̀wù funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Níbi ẹsẹ̀ pósí, Ompu Luhut jókòó sórí ẹní, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń gbọn eérú sìgá sínú àwo kékeré kan. Òun ni àgbà ìdílé olóògbé. Ilẹ̀ orí òkè tí wọ́n ń sin òkú ìdílé náà sí, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ.

“Pásítọ̀, ẹ jókòó,” ni ó wí. “Ẹ ń ṣíji bo òkú.”

“Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn.”

“Ẹ dúró nígbà náà, ẹsẹ̀ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi náà. Ajá nìkan là ń sin láìbò níhìn-ín. Bí tulang, arákùnrin ìyá rẹ̀, kò bá tẹ́ aṣọ lé e, kò ní wọ ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń háyà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kí ẹ sin ín sábẹ́ gìtá.”

Àwọn ọkùnrin tó kún ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Kí wọ́n má gbàgbé láti tan sípíkà fún un o!”

Rumondang, ìyàwó olóògbé, jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, ó gbé ọwọ́ lé etí pósí. Kò sí ẹni tó wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń ré kọjá lórí rẹ̀ bí ìgbà tí àwọn ọmọdé bá ń ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn.

Àárọ̀ àná ni wọ́n gbé òkú Binsar, ọkọ rẹ̀, wálé láti inú adágún. Afẹ́fẹ́ ti yí omi po láti ìsàlẹ̀, bó ti máa ń ṣe ní àsìkò náà, ẹja epìà tí wọ́n ń sìn nínú àgò àwọ̀n sì kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Òkú ẹja wúwo. Ó fa àwọ̀n wálẹ̀, Binsar sì wọ omi láti tú u, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọ̀n náà lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Nígbà tí Rumondang ń wẹ̀ ẹ́, ó rí àpá okùn àwọ̀n náà, ó sì rí i pé èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ṣí. Ẹni tó ni àgò náà fi àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́. Kò wá fúnra rẹ̀.

Aṣọ òfì ni aṣọ tí wọ́n ń jà lé lórí yìí. Ulos ni wọ́n ń pè é. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí létí adágún náà tí wọn kò fi pọ̀n, kò sí ìyàwó tí wọn kò fi wé òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀, kò sì sí òkú tí wọn kò fi bò. Ti òkú, tulang ló ń mú un wá. Ti orí opó, àwọn ará ilé opó fúnra rẹ̀ ni. Ìjọ Pásítọ̀ Efraim ní ẹ̀mí àwọn baba ńlá ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń jó o. Ìjọ ńlá tó ní agogo, níbi tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Binsar, ní kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju òwú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa orúkọ Binsar rẹ́ nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, àlùfáà wọn sì ti ránṣẹ́ pé òun kò ní lè wá. Bí Efraim bá lọ, kò sí ẹni tí yóò gbàdúrà. Bí Ompu Luhut bá kọ̀, kò sí ilẹ̀.

Rumondang dìde, ó ní òun fẹ́ mu omi.

Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ tapólì, àwọn obìnrin ìdílé ọkọ ń ro ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sè. Àwọn ará ìjọ Efraim dúró lọ́tọ̀ nídìí ìkòkò tiwọn, wọ́n ń se ẹyin àti núdù, nítorí wọn kì í jẹ ẹ̀jẹ̀. Ìyá Yosua ni olórí wọn níbẹ̀, obìnrin tó ga, tó ń wé gèlè dúdú.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ìdílé na ṣíbí sí i. “Ìyá Yosua, ẹ lọ wo Bàbá Yosua lẹ́yìn igi máńgòrò yẹn. Òun àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ń bá ara wọn jìjàkadì. Abọ́ kejì rèé. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣubú.”

Ẹ̀rín bú jáde. Ojú Ìyá Yosua pọ́n, ṣùgbọ́n ó ń ro núdù rẹ̀ lọ. “Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni.”

“Ẹ ò rí i! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún pásítọ̀ yín nípa aṣọ. Bóyá a ó tètè sìnkú.”

Ìyá Yosua fi ṣíbí sílẹ̀, ó fa Rumondang lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó sì rọ̀. Òun ló bá a wẹ òkú lánàá, tí ojú kò tì í, tí kò bẹ̀rù.

“Arábìnrin, ẹ dì í mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan yẹn sí yín lórí. Ohun tí Bàbá Tabita lé jáde nínú ilé yìí, òpópónà ló wà, ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé.”

Rumondang mú ife. Ó mu omi, ó tún bu òmíràn.

Ó mọ ohun tí Binsar lé jáde. Ẹmu ni. Kí Pásítọ̀ Efraim tó dé, ilé ẹmu ni Binsar ń gbé, ilé rẹ̀ ló ń bẹ̀ wò. Ó ti fọ́ ìgò lé apá Rumondang rí. Nígbà òtútù, apá náà ṣì ń dùn ún. Pásítọ̀ ló sùn sórí ilẹ̀ yàrá wọn nígbà tí ara Binsar ń gbọ̀n nítorí pé ẹmu ti kúrò nínú rẹ̀. Ó ń nu èébì, ó ń kọrin jẹ́jẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn náà. Binsar sì dìde, ó di ènìyàn. Kò tún na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Rumondang ti etí omi dé pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ tútù, ó sì rí èéfín ní àgbàlá. Binsar ti kó gbogbo ulos inú àpótí jáde: èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ hun, èyí tí wọ́n fi pọn Tabita ọmọ wọn, àti èyí tí ìyá Rumondang fi wé àwọn méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Omijé wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “A ti bọ́, Ìyá Tabita,” ni ó wí. “A ti bọ́.” Rumondang dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó sá aṣọ tútù náà sórí okùn. Nígbà tí iná kú, ó gbá eérú, ó rí fọ́nrán òwú pupa tí iná kò ràn, ó ṣà á kúrò kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i, kí ó má baà tún dáná. Ọkọ tó fi ìgò sílẹ̀ náà ló jó aṣọ ìyá rẹ̀ láìbi í. Kò mọ bí ènìyàn ti í fi ẹnu kan ṣoṣo dúpẹ́ kí ó sì fi bínú. Nítorí náà ó dákẹ́.

“Ito.”

Saut ni, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Bí ó ti máa ń pè é láti kékeré nìyẹn. Ó ti orí alùpùpù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, epo ẹ̀ńjìnnì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rá dúdú kan mọ́ abíyá. Nígbà tí Ìyá Yosua rí ọ̀rá náà, ó yà kúrò níbẹ̀.

“Ìyá kò lè wá,” ni Saut wí. “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè gun ẹ̀yìn alùpùpù. Àmọ́ ó fi èyí rán mi. Ó ní bí wọ́n bá ní kí n má fi sí yín lórí, kí n má bá ẹnikẹ́ni jà. Kí n bi yín.”

“Kí o bi mí ní kí ni?”

“Bóyá ẹ fẹ́ ẹ.”

Rumondang wo ọ̀rá náà. Láti àná, wọ́n ti bi í pé níbo ni aṣọ ìmúròde Binsar wà, wọ́n ti bi í pé ẹlẹ́dẹ̀ ta ni wọn yóò pa, wọ́n ti bi í pé ṣé ó jẹun. Kò sí ẹni tó bi í ní èyí. 

Ariwo sọ ní iwájú ilé. Tulang ti dé.

Mangatur, tulang Binsar, wọlé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn obìnrin ru agbọ̀n ìrẹsì sórí, òun sì gbé aṣọ aláró dúdú kan kọ́ èjìká ọ̀tún, ó ká a dáadáa. Gbogbo ènìyàn dìde, Ompu Luhut náà dìde, ó pa sìgá rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún tó tulang níbẹ̀. Bí tulang bá ń sọ̀rọ̀, àgbà ìdílé ọkọ gan-an a tẹ orí ba. Ọkùnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí iṣẹ́ oko kọfí. Láti ìgbà tí Binsar ti jó aṣọ, kò ì tíì tẹ ẹsẹ̀ sí ilé náà.

Ó lọ tààrà síbi ẹsẹ̀ òkú, ó di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún bí obìnrin.

“Bere mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Ìwọ tí mo gbé gun ọrùn lọ sí ọjà! O ò kí mi mọ́, èmi náà ò kí ọ, a ní ọjọ́ ń bẹ. Ọjọ́ dà? Ọjọ́ dà, bere mi?”

Àwọn obìnrin gbè é lẹ́sẹ̀. Pásítọ̀ Efraim náà ń nu ojú. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Mangatur nu imú rẹ̀, ó mú aṣọ kúrò ní èjìká, ó tú u. Efraim gbé ọwọ́ lé àyà òkú.

“Bàbá, mo bẹ̀ yín. Kò gbà á nígbà ayé rẹ̀.”

“Mú ọwọ́ rẹ kúrò.”

“Ẹ gbé pásítọ̀ yẹn síta!” ni ẹnìkan kígbe láti ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíràn ní, “Ẹ gbé e sínú àgò ẹja!” Wọ́n ti ń ti ara wọn wọlé. Pósí mì.

“Tulang, ẹ jọ̀ọ́.”

Rumondang ló sọ ọ́. Ó ti dúró. Ompu Luhut bojú wò ó. “Ìyàwó wa, jókòó. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni èyí.”

“Òkú mi ni, Bàbá.”

Àwọn tó ń ti ara wọn dúró. Opó kì í bá tulang sọ̀rọ̀ lórí pósí. Rumondang mọ̀, ó sì fi ọwọ́ di etí pósí mú.

“Tulang, Binsar ní kí wọ́n má bo òun. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti sọ ọ́ fún mi, nígbà tí a ń kó ẹja. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun.”

“Ẹ̀rù kí ni? Ẹ̀rù aṣọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun mọ̀ pé òwú ni. Ó ní bí òun bá ti rí i báyìí, ilé ẹmu ni òun ń rí, ìgò bàbá òun ni òun ń rí, ọ̀fun òun a gbẹ. Ó ní kí n má jẹ́ kí òun sùn sábẹ́ rẹ̀.”

Mangatur wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀. “Ìyá mi ló hun èyí tó jó. Ojú rẹ̀ ti ń fọ́ nígbà tó hun ún.”

“Mo mọ̀, Tulang. Èmi ni mo gbá eérú rẹ̀.”

 Pásítọ̀ Efraim mí kanlẹ̀. “Ẹ ṣeun, arábìnrin. Ọlọ́run yóò—”

“Mi ò tíì parí, Pásítọ̀.” Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. “Saut, mú tèmi wá. Mo fẹ́ ẹ.”

Saut wọ inú èrò já, ó sì yọ aṣọ náà nínú ọ̀rá. Efraim rí i, ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

“Arábìnrin. Ẹ ò lè ní ọ̀gá méjì.”

“Mi ò ní méjì. Jésù ni mo gbà gbọ́, òwú kọ́. Àmọ́ mo ti di opó, ìyá mi sì fẹ́ bò mí lórí kí n lè sunkún. Kí ni mo fi ṣẹ Ọlọ́run níbẹ̀?”

“Ọkọ yín jó o nítorí yín. Nítorí ilé yìí.”

“Ó jó o nítorí ara rẹ̀, ó sì ṣe é ní àǹfààní. Kò bi mí. Mi ò bá a jà. Lónìí mi ò ní bò ó láìbi í, nítorí mo mọ bó ṣe rí nígbà tí wọn kò bi ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ má bọ́ mi láìbi mí.”

“Ilẹ̀ yìí ni mo sùn,” ni Efraim wí. Ohùn rẹ̀ já. Ó na ìka sí ìdí ògiri. “Ibí yìí. Ọwọ́ mi ni mo fi nu ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?”

“Mi ò gbàgbé. Mi ò ní gbàgbé láéláé. Ẹ dúró, ẹ bá mi sin ín.”

 Ètè Efraim ń mì, ó jọ pé ó ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kúrò lórí òkú, ó tẹ́ kọ́là Binsar dáadáa bí ẹni ń múra fún ọmọ ilé ìwé, ó sì jáde. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n gbé sípíkà, wọ́n gbé ìkòkò núdù. Bàbá Yosua ti ẹ̀yìn igi máńgòrò yọ, ó ń nu ẹnu.

Ompu Luhut rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa. Ọ̀kan ti kúrò lọ́nà. Tulang, ẹ bò ó.”

Gbogbo ojú wá wà lára Mangatur. Aṣọ náà wà ní títú láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Rumondang ń wo ọwọ́ náà. Bí ó bá tẹ́ ẹ, kò sí agbára kankan lọ́wọ́ òun láti ká a kúrò.

“Inú ń bí mi,” ni Mangatur wí. “Kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú kò bí mi. Wọ́n ti kọ̀ mí lójú ayé, lórí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà, ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, ìka rẹ̀ kò yá. “Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n kọ̀, Ompu Luhut, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí èmi tí wọ́n kọ̀ bá ní kí wọ́n sin ín, ta ló kù tí yóò ní kí wọ́n má sin ín?”

Ompu Luhut tẹ orí ba. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tulang, kò sí ọ̀rọ̀.

“Ẹ ṣí ilẹ̀ fún un,” ni Mangatur wí. Ó gbé aṣọ padà sí èjìká, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Wọn kò jẹun. Kò bá wọn dé orí òkè. Ìpín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un wà lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí eṣinṣin fi bò ó.

Saut wá gbé aṣọ ìyá wọn lé Rumondang lórí. Ó wúwo ju bó ti rò lọ, ó ń run eérú ààrò ilé wọn. Ó ṣókùnkùn lábẹ́ rẹ̀. Láti àná kò tíì sunkún, nítorí gbogbo ènìyàn ń wo bí yóò ṣe sun ún, bóyá ti àwọn tibí ni yóò sun tàbí ti àwọn tọ̀hún. Lábẹ́ aṣọ náà kò sí ẹni tó rí i. Ó ké.

Ó ṣì ń ké nígbà tó gbọ́ igbe ọmọ. Tabita, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti sá wọlé láti àárín àwọn ọmọ ìjọ, ó sì rí i.

“Ó ti wà lórí ẹ̀! Màámi, ó ti wà lórí yín! Ẹ bọ́ ọ, ẹ bọ́ ọ!”

Nígbà tí Rumondang na ọwọ́ sí i, ọmọ náà yí padà, ó sá tẹ̀lé Ìyá Yosua lọ.

Òjò ti rọ̀ sórí òkè. Àwọn tó gbé pósí kò pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ìdílé ọkọ ti fi Ompu Luhut ṣe àwáwí, wọ́n jókòó ti ẹmu. Ẹsẹ̀ yọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, igun pósí sì gbá òkúta. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu kòtò, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sí ẹni tó ní ìwé àdúrà lọ́wọ́.

“Saut, gbàdúrà,” ni Rumondang wí.

“Ito, mi ò mọ èyíkéyìí ju ti oúnjẹ lọ.”

“Gba ti oúnjẹ.”

Ọmọkùnrin náà ṣí fìlà, ó di ojú. “Olúwa, a dúpẹ́ fún èyí tí ẹ gbé ka iwájú wa. Ẹ bù kún un. Ẹ fún àwọn tí kò ní. Àmín.” Ọ̀kan nínú àwọn tó di okùn mú fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Wọ́n sọ pósí kalẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ilé ti ṣófo. Saut ti lọ dá àwọn àga tí wọ́n yá padà. Kí ó tó lọ, ó rán Rumondang létí pé òun yóò ṣí aṣọ orí rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú omi àti ìrẹsì, bí ó ti yẹ. “Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣí i o. Ẹni tó bò ni í ṣí.”

Ìyá Yosua mú Tabita wálé, ó dúró ní ìta. “Pásítọ̀ ní kí n sọ fún yín pé ilẹ̀kùn ìjọ kò tì. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ nǹkan yẹn kúrò.”

“Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi mú ọmọ dání.”

Obìnrin náà fẹ́ sọ nǹkan mìíràn. Ó wo aṣọ náà, ó sì lọ.

Tabita kò wọlé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó di férémù mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn nítorí òtútù.

“Wá jẹun,” ni Rumondang wí.

“Rárá.”

“Tabita.”

“Ta ló wà lábẹ́ ẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Wọ́n ní nǹkan ń gbé inú ẹ̀.” Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún. “Mo fẹ́ wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Rumondang ti fẹ́ sọ pé òwú ni, pé ìyá àgbà rẹ̀ ló hun ún, pé irú rẹ̀ ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n. Ó ti fẹ́ dìde kí ó fà á wọlé, kí ó fi etí aṣọ náà bò ó, kí ó rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan. Ó lè ṣe é. Ọmọ ni, kò lágbára. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ kékeré tó kún fún ẹrẹ̀ náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá bọ́ aṣọ, Efraim yóò gbọ́, yóò sì rò pé òun ti borí. Ompu Luhut yóò gbọ́, yóò pe òun ní opó tí kò lè dúró di àárọ̀. Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú yóò gbọ́.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì bọ́ ọ.

Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí irun rẹ̀. Ó ká aṣọ náà lórí itan, ó gbé e wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá. Nígbà tó jáde, Saut ti dé, ó dúró lẹ́yìn ọmọ náà.

“Ta ló ṣí i?”

“Èmi ni.”

“Ito! Mo sọ fún yín. Ṣé pásítọ̀ yẹn tún padà wá ni?”

“Kò sí ẹni tó ní kí n bọ́ ọ. Wo ọmọ yìí.”

Saut wò ó. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn.  “Kí ni kí n sọ fún Ìyá?”

“Sọ fún un pé mo fi sórí. Sọ fún un pé mo sunkún.”

Tabita ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá.

“Ṣé a máa jó o?”

“A ò ní jó o.”

“Ó máa wà níbẹ̀?”

“Ó máa wà níbẹ̀. Tèmi ni. O ò ní láti wò ó, o ò sì ní láti fọwọ́ kàn án.”

Ọmọ náà rò ó. Lẹ́yìn náà ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, jìnnà sí yàrá, títí ó fi dé ẹní. Ó jókòó sí etí rẹ̀, ó fi àyè kan sílẹ̀ láàárín òun àti ìyá rẹ̀, àyè tí ènìyàn kan lè jókòó sí.

Rumondang bu ìrẹsì tútù sínú abọ́, ó gbé e síbi àyè náà. Kò fà á mọ́ra. Ó ń dúró dè é.